Ta Ni Yóò San Án Bí Gíréèdì Bá Purọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń kó kọ́ìnì àtijọ́ jọ sọ ní Kàbà

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Ìyàrá, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wá, okun o! Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń ra kọ́ìnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò fi ní lù ú ní jìbìtì. Bí mo bá ní kí n sọ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbí. Apá kan ni n ó mú, èyí tí mo rí pé ó ń jẹ owó àwọn ọ̀dọ́ wa jù.

Ẹ ti rí irú rẹ̀. Wọ́n á ti kọ́ìnì kan bọ inú ike líle tó mọ́ gaara, wọ́n á dí i pa, wọ́n á lẹ lébẹ̀lì mọ́ ọn lórí, wọ́n á kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kan sí i, wọ́n á wá kọ nọ́ńbà gàdàgbà: MS 67. Nọ́ńbà yẹn ni gíréèdì, ìyẹn òṣùwọ̀n bí kọ́ìnì náà ṣe dára tó. Bí olùrà bá ti rí i, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á ní ṣebí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju òun lọ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń mú un.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá fún yín. Bí gíréèdì yẹn bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò san owó irọ́ náà? Bí ẹ bá lè dáhùn rẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì ìsanwó, ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ kò ní le.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí nọ́ńbà náà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1949, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Sheldon, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìmọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ṣe ìwé nípa sẹ́ǹtì ńlá tí Amẹ́ríkà rọ láyé àtijọ́. Ó gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ láti 1 dé 70. Èyí tó ti gbó débi pé agbára káká la fi mọ ohun tó jẹ́ gba 1. Èyí tí kò lábùkù kankan gba 70. Lójú tirẹ̀, bí èyí tó gba 1 bá tó dọ́là kan, èyí tó gba 70 yẹ kó tó 70 dọ́là. Ìṣirò owó yẹn ti wó tipẹ́, àmọ́ nọ́ńbà dúró. Lónìí, 60 sókè ni wọ́n ń pè ní MS, ìyẹn kọ́ìnì tí ẹnikẹ́ni kò ná rí. AU wà láti 50 dé 58, ọwọ́ ti kàn án díẹ̀. XF ni 40 àti 45, VF ni 20 dé 35, ó ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. PF tàbí PR ni ti proof, ìyẹn àwọn tí wọ́n dìídì rọ fún àwọn tó ń kó kọ́ìnì jọ.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Sheldon kú ní 1977. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló wá hàn pé ó ti ń jí sẹ́ǹtì ńlá nínú àkójọ American Numismatic Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa owó àtijọ́, ní New York: á mú èyí tó dára, á fi irú rẹ̀ kan náà tó rẹlẹ̀ sí i rọ́pò. Ẹni tó kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń mọ kọ́ìnì dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa fi ìmọ̀ ara rẹ̀ jalè. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi nọ́ńbà ká yín mọ́, ẹ rántí ẹni tó ni nọ́ńbà.

Ṣáájú àwọn ọdún 1980, ẹni tó ń ta kọ́ìnì ló sábà máa ń fún un ní gíréèdì. Bó bá ń rà lọ́wọ́ yín, kọ́ìnì yín á ti gbó. Bó bá ń tà á fún yín, á di tuntun lójijì. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìnì wò dé ní Amẹ́ríkà. ANACS bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú ní 1972, àmọ́ PCGS tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986 ló sọ kọ́ìnì inú ike di ohun tí gbogbo ọjà mọ̀, NGC sì tẹ̀ lé e ní 1987. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn gbà wọ́n gbọ́ kì í ṣe ike. Ike kò ju ike lọ. Ẹni tó ń yẹ kọ́ìnì wò níbẹ̀ kì í mọ ẹni tó ni ín, ó sì ju ẹyọ ẹnì kan lọ tó ń wò ó. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n ṣe onídùúró. Bí ó bá hàn lẹ́yìn náà pé ayédèrú ni kọ́ìnì tí wọ́n fi sínú ike, tàbí pé gíréèdì rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, ilé-iṣẹ́ náà ló máa san ìyàtọ̀ rẹ̀ tàbí kó ra kọ́ìnì ọ̀hún, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn ṣe sọ. Àdéhùn náà ní ààlà tirẹ̀ o, ẹ kà á kí ẹ tó gbára lé e. Àmọ́ kókó rẹ̀ nìyí: irọ́ ń ná wọn lówó.

Mi ò ní kí ẹ sọ wọ́n di òrìṣà. Ní 1990, àjọ FTC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà bá PCGS fà á, nítorí ìpolówó wọn ń sọ gíréèdì wọn bí ohun tí kì í yẹ̀. Ìfẹnukò ni wọ́n fi parí rẹ̀. Títí dòní, àwọn ògbólógbòó oníṣòwò ń fọ́ ike tí wọ́n kọ 64 sí, wọ́n á tún kó kọ́ìnì inú rẹ̀ padà lọ bóyá yóò gba 65, nígbà míì ó sì máa ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn tó ń jẹ́ CAC fi dìde ní 2007, tó ń yẹ àwọn kọ́ìnì tó ti wà nínú ike PCGS àti NGC wò lẹ́ẹ̀kejì, tó ń lẹ sítíkà aláwọ̀ ewé mọ́ èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èrò èèyàn ni gíréèdì, ti àwọn ńlá pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbé èrò náà kalẹ̀ ni ká wò, ká wo ohun tó máa pàdánù bó bá ṣì í.

Ẹ wá wo àwọn yòókù. Ike òfìfo wà lọ́jà, ẹnikẹ́ni ló lè rà á. Ẹ̀rọ tó ń tẹ lébẹ̀lì kò wọ́n. Orúkọ tó bá ti ní lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí C tàbí G wà nínú rẹ̀, á jọ ti àwọn tó lórúkọ. Ẹnì kan á jókòó sínú yàrá rẹ̀, á dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Òun ló ni kọ́ìnì, òun ló ni ike, òun ló gbé gíréèdì, òun náà ló ń tà á. Bí ẹ bá rí i pé ó purọ́, ta lẹ fẹ́ mú? A ti padà síbi tí ọjà wà kí PCGS tó dé nìyẹn, àfi ti ike tó gorí ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú tí ẹ mọ òwò òkúta, ẹ̀yin lẹ lè kọ́ wa ní èyí. Bí ẹnì kan bá gbé àpò tántáláìtì wá, tó fi ìwé àyẹ̀wò kan lé e lórí pé báyìí ni ojúlówó inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ṣé olùrà tó mọ iṣẹ́ máa ń sanwó lórí ìwé yẹn? Á bù díẹ̀ nínú rẹ̀, á gbé e lọ síbi àyẹ̀wò tí òun fúnra rẹ̀ fọkàn tán. Kò pe ẹni tó gbé e wá ní olè o. Ó kàn jẹ́ pé ìwé tí ẹni tó ń tajà bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ni wọ́n tẹ̀ sórí ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́ pé gbogbo ilé-iṣẹ́ kékeré ni onírọ́. ANACS ti wà ṣáájú àwọn ńlá méjèèjì. ICG bẹ̀rẹ̀ ní 1998, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Ọjà kàn máa ń gé owó kọ́ìnì tiwọn díẹ̀ sí ti PCGS àti NGC. Kódà àwọn kan ń wá ike kékeré funfun tí ANACS lò nígbà kan, torí wọ́n gbà pé ọwọ́ wọn le nígbà yẹn. Láàárín àwọn wọ̀nyí àti ẹni tó ń tẹ lébẹ̀lì nínú yàrá, àlàfo ńlá wà, inú àlàfo yẹn sì ni ọ̀pọ̀ orúkọ tí ẹ ó bá pàdé wà.

Báwo wá lẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n? Ọgbọ́n kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ ṣí gbogbo ọjà tí ẹni yẹn ń tà, kì í ṣe ẹyọ kan tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ ka gíréèdì wọn láti òkè délẹ̀. Nínú kọ́ìnì tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ti ná èyí tó pọ̀ jù, wọ́n ti họ ọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lu ihò sí òmíràn láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń ṣe òótọ́, ẹ ó rí 12, ẹ ó rí 30, ẹ ó rí 53, ẹ ó sì rí èyí tí wọn kò fún ní nọ́ńbà rárá. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 66, 67, 68, bí ẹni pé kò sí ọjà kankan tí wọ́n ti ná owó rí láyé, ẹ ti rí ìdáhùn yín, ẹ máa lọ.

Ìbéèrè kejì tún wà tí ẹ lè bi ara yín. Bí kọ́ìnì kan bá tó 67 lóòótọ́, àmọ́ tó wà nínú ike tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, owó wà nílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kó fọ́ ike yẹn, kó fi kọ́ìnì ránṣẹ́ sí PCGS tàbí NGC, kó san owó àyẹ̀wò, kó tà á ní ìlọ́po owó tó ń béèrè báyìí. Kí ló dé tí kò ṣe é? Àánú yín ló ń ṣe é ni? Nígbà tó pọ̀ jù, ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n ti gbé e lọ, ó ti já. Tàbí kí ẹni tó ń tà á mọ̀ dájú pé yóò já. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn tó ti ń wo kọ́ìnì láti ogún ọdún ń wo ojú ewé kan náà tí ẹ̀yin ń wò. Ohun tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù mélòó kan ní owó pọ́ọ́kú kì í ṣe oríire tó ń dúró dè yín.

Ẹ̀tàn ti iye owó ló tún máa ń bá a rìn. PCGS àti NGC ní ibi tí wọ́n ń kọ iye tí kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan tó ní gíréèdì kọ̀ọ̀kan. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́ìnì kan tó 800 dọ́là ní MS 67. Oníyàrá wa á kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ ọjà tirẹ̀ pé 800 dọ́là ni iye rẹ̀, òun ń tà á ní 120. Ẹ ò rí i pé ó ti yá òṣùwọ̀n onílé, ó fi ń wọn ọjà tara ẹ̀? Ti 67 PCGS ni 800 yẹn. 67 tirẹ̀ lè jẹ́ 55 tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, kí iye rẹ̀ gidi má ju 30 dọ́là lọ. Ẹ̀dínwó kò sí níbẹ̀ rárá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ro kọ́ìnì náà bí èyí tí kò sí nínú ike kankan. Mo á wo iye tí irú rẹ̀ *tà*, kì í ṣe iye tí wọ́n ń béèrè. eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ibi tí wọ́n ti ń fi èyí tó ti tà hàn, ilé gbàǹjo Heritage náà sì ní àkójọ ti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè wò. Fún kọ́ìnì ilẹ̀ Áfíríkà, ìkànnì Numista wúlò láti mọ irin tí wọ́n fi rọ ọ́, ìwọ̀n rẹ̀, àti ọdún tó ní.

Ẹ jẹ́ ká mú kọ́ìnì tiwa wò fínnífínní, torí dọ́là Morgan, kọ́ìnì fàdákà Amẹ́ríkà àtijọ́, ṣáá ni gbogbo ayé ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀ ní 1912, nígbà tó sì di 1913, tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì onífàdákà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún ilẹ̀ wa. Ànìní, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ onihò ti wà ṣáájú wọn. Ẹ mú ṣílè 1913. Orí Ọba George Karùn-ún pẹ̀lú adé wà lójú kan, igi ọ̀pẹ wà lójú kejì. Ibi tó bá yọ sókè jù ni ọwọ́ ń kọ́kọ́ jẹ. Nítorí náà, ẹ wo túbọ̀mu ọba, ẹ wo irun tó wà lókè etí rẹ̀, ẹ wo ọ̀nà ara adé. Ẹ yí i padà, ẹ wo àárín ìtì ọ̀pẹ. Bí ìtì náà bá ti di pẹrẹsẹ, tí túbọ̀mu ọba kò sì yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n ti ná kọ́ìnì náà. Kò lè jẹ́ MS, lébẹ̀lì ìbáà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá.

Ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́? Ṣílè onífàdákà yẹn wọn gíráàmù 5.65, ìpín 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà. Láti 1920 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ irú owó yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ta ṣílè 1925 fún yín bíi fàdákà kò mọ iṣẹ́, tàbí kó rò pé ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n. Síkéèlì kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò tó láti tú ọ̀pọ̀ àṣírí. Àmọ́ ẹ wá wò ó: bí kọ́ìnì bá wà nínú ike, ẹ ò lè wọ̀n ọ́n, ẹ ò lè gbọ́ ìró rẹ̀, nígbà míì ẹ ò ní rí etí rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ sì ni àmì àdàlù máa ń wà. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe onídùúró ló ti ike náà, kò burú, wọ́n ti wọ̀n ọ́n fún yín. Bó bá jẹ́ oníyàrá, gbogbo ohun èlò yín ló ti gbà lọ́wọ́ yín, ó wá fi nọ́ńbà rọ́pò wọn. Ní tèmi o, n ó yàn kí wọ́n ta kọ́ìnì tó wà níta fún mi ju inú irú ike bẹ́ẹ̀ lọ.

Fífọ̀ ni àbùkù tí irú ike yìí ń bò mọ́lẹ̀ jù. Àwa náà ń ṣe é nílé. Wọ́n á rí owó ìyá àgbà nínú àpótí, wọ́n á ní ó ti dúdú, wọ́n á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n á fi eérú tàbí yanrìn bó o títí yóò fi máa dán yinrin. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ó ti di tuntun. Lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọ́n ti pa á. Kọ́ìnì tí ẹnikẹ́ni kò ná rí, bí ẹ bá ń yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná, ìmọ́lẹ̀ á máa rìn yí ojú rẹ̀ ká. Èyí tí wọ́n bó á dán lóòótọ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ á dúró sójú kan, ẹ ó sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀, gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà, ibi tí ọwọ́ ń fà á sí. Bí irú rẹ̀ bá dé PCGS tàbí NGC, wọn ò ní fún un ní nọ́ńbà. Wọ́n á kọ *Details* sí i, wọ́n á sì sọ ohun tó ṣe é, pé wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí wọ́n họ ọ́. Ilé-iṣẹ́ tí kì í kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé, ó yẹ kí ara fu yín sí i. Ìdí nìyí tí fọ́tò kan ṣoṣo kò fi tó. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fídíò kékeré, kó máa yí kọ́ìnì náà lábẹ́ gílóòbù kan. Bó bá kọ̀, ó ti dá yín lóhùn.

Ẹ̀tàn kan wà tí kò tilẹ̀ nílò irọ́. Ẹ mọ Ọba Edward Kẹjọ ti Gẹ̀ẹ́sì tó gbé adé sílẹ̀ ní 1936 nítorí obìnrin. Kò lò ju ọdún kan lọ lórí oyè, ṣùgbọ́n ànìní, ẹ́pìnnì àti kọ́bọ̀ onihò ti ilẹ̀ wa jáde lórúkọ rẹ̀ lọ́dún náà. Ìtàn rẹ̀ dùn, nítorí náà wọ́n máa ń tà á bí ohun tó ṣọ̀wọ́n. Kò ṣọ̀wọ́n, àìmọye rẹ̀ ni wọ́n rọ. Ẹnì kan á wá fi ọ̀kan sínú ike gidi, ti PCGS tàbí NGC pàápàá, á kọ ọ́ pé òun nìkan ló wà ní gíréèdì yìí láyé. Bóyá òótọ́ ni, àwọn ilé-iṣẹ́ náà máa ń ka iye tó ti kọjá lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ta ni yóò fi kọ́bọ̀ tí kò tó dọ́là mélòó kan ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, tí yóò san owó àyẹ̀wò àti owó ìfiránṣẹ́ tó ju kọ́ìnì náà lọ? Òun nìkan ló wà nínú ìwé wọn torí òun nìkan ni wọ́n gbé lọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kún inú agolo káàkiri.

Ti ayédèrú ike, n ó yára kọjá. Àwọn ọ̀daràn ń ṣe ayédèrú ike PCGS àti NGC fúnra wọn, lébẹ̀lì, àmì tó ń dán, gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lára ike kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà. Pé nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ kò tó, torí nọ́ńbà kọ́ìnì gidi ni wọ́n máa ń jí lò. Bí fọ́tò bá wà níbẹ̀, ẹ fi í wé ti ẹni tó ń tà á: ẹ wá ojú ọgbẹ́ kan, àbàwọ́n kan, kí ẹ wò ó bóyá ibì kan náà ló wà lára méjèèjì. Kọ́ìnì méjì kì í ní ọgbẹ́ kan náà.

eBay ní òfin pé kí wọ́n má polówó kọ́ìnì bí èyí tó ní gíréèdì àfi tó bá wá láti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn èèyàn ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ̀ ẹ́. Wọn ò ní kọ nọ́ńbà sínú àkọlé, àmọ́ wọ́n á jẹ́ kí lébẹ̀lì hàn kedere nínú fọ́tò kí ojú yín lè kà á. Èyí tó kan àwa níbí jù ni ti ìdápadà. Ọ̀pọ̀ wa kì í gba ẹrù tààrà sí Kàbà. Àdírẹ́sì àwọn tó ń bá èèyàn kó ẹrù wọlé láti Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù la máa ń fún wọn. Ààbò owó olùrà lórí eBay kì í bo ohun tí wọ́n bá ti gbé kúrò ní àdírẹ́sì àkọ́kọ́ lọ síbòmíràn. Kí kọ́ìnì náà tó gba Èkó kọjá sí Lọ́kọ́ja, kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ̀tọ́ yín ti lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò níbẹ̀ tó lè ṣí i, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé gan-an, ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Lórí Facebook àti WhatsApp, kò tilẹ̀ sí òfin tí wọ́n fẹ́ yẹ̀. Ojú yín nìkan ni ẹ̀ṣọ́ yín.

Ó ku àwọn tó ń tà lára wa. Irọ́ kan ń lọ káàkiri fóònù pé 50 kọ́bọ̀ ọdún 1991 ń di mílíọ̀nù náírà lókè òkun. Lẹ́yìn irọ́ yẹn ni ẹnì kan á kàn sí yín pé òun ní olùrà, ṣùgbọ́n olùrà náà ń béèrè sàtífíkéètì gíréèdì. Ẹ kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí òun bá yín gbà á. Ẹ má san án. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè gbé gíréèdì fún kọ́ìnì tí kò dé ọwọ́ rẹ̀. Láti inú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Rárá o.

Nígbà tí wọ́n ṣí àyè ìbéèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Mọ̀pà ló kọ́kọ́ dìde. Ìyá ìyá rẹ̀ fi agolo kan sílẹ̀ fún wọn, sísì, ṣílè àti kọ́bọ̀ onihò ti 1959 pọ̀ nínú rẹ̀, ó ní ṣé kí òun kó wọn lọ fún àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà. Mo kọ ìdáhùn tí mo fún un síbí torí ó kan ọ̀pọ̀ ilé. Rárá, ẹ má tíì kó wọn lọ ibì kankan. Owó 1959 tí wọ́n ti ná kì í tà ní owó tó lè gbé ìnáwó yẹn. Ẹ tú agolo náà sórí aṣọ funfun, ẹ wá èyí tí gbogbo ọ̀nà ara rẹ̀ ṣì mú, tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lójú rẹ̀. Ẹ tún wá èyí tí ojú rẹ̀ ń dán gbinrin bíi ti dígí, torí wọ́n rọ proof lọ́dún náà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tàbí méjì, ẹ ya fọ́tò wọn, ká jọ wò ó. Ẹ má fi omi kàn wọ́n, ẹ má fi aṣọ nù wọ́n, etí ni kí ẹ ti máa dì wọ́n mú. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú agolo tó ti dípata, ẹ fi wọ́n sínú páálí kékeré tí wọ́n ṣe fún kọ́ìnì. Ẹ má lo ọ̀rá rírọ̀ tó ń ta sánsán bíi rọ́bà tuntun, PVC ló wà nínú rẹ̀, á máa yọ àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ sára bàbà, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.